Iṣẹ́ Abẹ Ìbímọ Di Ọ̀fẹ́, Ta Ni Yóò Kun Ìyá Náà Lóorun?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé àwọn aboyún tí kò rí owó san yóò máa gba iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, a sì gbóríyìn fún ìjọba. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló bá oyún tàbí ìbímọ lọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 nìkan. Nínú gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ́dún náà, ìpín tiwa ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Orílẹ̀-èdè tó bá wà nírú ipò yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aboyún dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà nítorí owó. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ọ̀rọ̀ náà, owó yìí náà ni gbogbo ẹnu ń sọ: ta ni yóò san án, èló ni, iléèwòsàn wo ni yóò gbà á. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bi ara wọn ní gbangba, bẹ́ẹ̀ dókítà kankan ò lè fọwọ́ kan abẹ láìjẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ orí aláìsàn: ta ni yóò kun ìyá náà lóorun?

Ẹni tó bá dé iléèwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀, Jẹ́nẹ́rà tí gbogbo wa mọ̀, ní ìlú tí kì í ṣe olú ìlú, tó bi àwọn ará tíátà ní ìbéèrè yìí, nọ́ọ̀sì kan ni wọn yóò sábà nawọ́ sí. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ o. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, ó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kó tó padà sí iléèwòsàn ńlá lọ kọ́ṣẹ́ ìkunnilóorun, tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà sì fún un ní ìwé àṣẹ mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Àwọn dókítà akunnilóorun wà lóòótọ́, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó dáńtọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n UCH, LUTH àti irú àwọn iléèwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun lágbàáyé, WFSA, tẹ ìwádìí jáde lórí iye àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó kéré tán, ó yẹ kí dókítà akunnilóorun 5 wà fún 100,000 ènìyàn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni kò ní tó ẹyọ 1. Nàìjíríà wà lára wọn.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ìjọba mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kò kọ ààlà iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò yan ẹni tí nọ́ọ̀sì lè pè nígbà tí nǹkan bá dojú rú, kò sì ka iye wọn. Ìṣe-bí-ẹni-tí-kò-mọ̀ yìí léwu ju kí dókítà àti nọ́ọ̀sì máa bára wọn jà lọ.

Iṣẹ́ náà kì í hàn sí ẹni tó bá wà níta, ó yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ abẹ ìbímọ kan láàárín òru. Wọ́n gbé aboyún dé, ọmọ ti há, ìrọbí ti tán an lókun. Kí dókítà tó fọ ọwọ́ tán, akunnilóorun ti ní láti mọ bóyá ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá ó ní ikọ́ fée, bóyá wọ́n ti kùn ún lóorun rí, bóyá egbòogi kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Yóò ní kó lanu, kó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ọ̀fun yóò rọrùn láti rí bó bá di dandan kí wọ́n ti rọ́bà sí i. Yóò wá béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn.

Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yìí ni àwọn ará ilé máa ń fi irọ́ dáhùn jù. Ìyá ọkọ ti fún un ní ẹ̀kọ mu kó lè lágbára láti tì, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá jẹ́wọ́, dókítà yóò bínú. Ẹni tó bá sùn lábẹ́ oògùn kò lè pa ọ̀fun rẹ̀ dé. Ohun tó wà nínú ikùn lè rú sókè, kó sì ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1946, Curtis Mendelson, dókítà agbẹ̀bí ní New York, kọ̀wé lórí àwọn ìyá tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lórí ìkúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó ní iṣẹ́ abẹ lọ́la pé kó má fẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí mẹ́fà, kó má sì mu omi lásán ní wákàtí méjì tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dájọ́. Akunnilóorun tó gbọ́n yóò ka gbogbo ẹni tó ń rọbí sí ẹni tó yó, ohun yòówù kí ìyá ọkọ sọ.

Bí ara ìyá bá gbà á, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fún un. Dókítà August Bier ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ abẹ ní Kiel, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1898. Ìyá yóò jókòó, yóò tẹrí ba, yóò ti ẹ̀yìn jáde. Nọ́ọ̀sì yóò fi ìka wá àlàfo láàárín àwọn eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, yóò ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wọlé títí omi tó mọ́ gaara yóò fi máa kán jáde. Ibẹ̀ ni yóò fún oògùn sí. Láìpẹ́, ẹsẹ̀ yóò wúwo, ikùn yóò kú, ìyá á sì lajú sílẹ̀, á máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀ yẹn. Ìgbà náà gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn yẹn máa ń tú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìfúnpá á sì já wálẹ̀. Oyún fúnra rẹ̀ tún ń tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Akunnilóorun yóò gbé ìyá náà fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sápá òsì, yóò tú omi sí i lára, yóò ti fa oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè sínú síríńjì kó tó di pé ó nílò rẹ̀. Bí ìyá bá ní èébì ń gbé òun, tàbí ojú ń ṣú òun, ìfúnpá ló ti ń lọ yẹn. Bí oògùn bá gun òkè jù, ìyá yóò ní òun ò lè mí dáadáa, ohùn rẹ̀ yóò máa rẹlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa mí fún un. Dókítà kò lè ṣe é: ibọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ sì wà nínú ikùn.

Nínú ìlànà tí WHO àti WFSA jọ gbé jáde ní 2018, ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú ni pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìkunnilóorun gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má kúrò níbẹ̀. Ní àwọn iléèwòsàn kéékèèké wa, bí ọmọ tí wọ́n gbé jáde kò bá ké, akunnilóorun yìí kan náà ni wọn yóò tún pè pé kó wá fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Ìyá ń bẹ lápá kan, ọmọ ń bẹ lápá kejì, ènìyàn kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, ẹ ó gbọ́ orúkọ dókítà nínú àdúrà. A ò tíì dé ibi tí wọ́n ti pe orúkọ akunnilóorun.

Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló ń gbàdúrà pé kí àwọn bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù, kí agbẹ̀bí tó dé, ọmọ á ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé owó ló ń lé obìnrin sá fún abẹ, tàbí ẹ̀gàn àwọn tí yóò sọ pé kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin níbi tí ọkùnrin kò sí yóò gbọ́ ohun mìíràn: "Bí wọ́n bá kùn mí lóorun tí mi ò jí mọ́ ńkọ́?" Àwa ò rí ìbẹ̀rù yìí bí àìmọ̀kan. Ẹni tó ní kí aboyún fọkàn balẹ̀ ló yẹ kó lè sọ fún un ẹni tí yóò dúró ti orí rẹ̀, ohun tí ẹni náà kọ́, àti ẹni tí yóò pè bí wàhálà bá dé.

Iye iṣẹ́ tó ń bọ̀ náà kò kéré. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní NDHS, ti ọdún 2018, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, kò tó 3 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbà. Láti 1985 ni àwọn amòye tí WHO pè jọ ti fi 10 sí 15 ṣe òṣùwọ̀n. Bí ètò ọ̀fẹ́ yìí bá ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, yóò di dandan kí iye àwọn tí a ń kùn lóorun láti bímọ pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nígbà ètò Abíyè tí gómìnà ìgbà náà, Olúṣẹ́gun Mímikò, bẹ̀rẹ̀ ní 2009: bí ìtọ́jú aboyún ṣe di ọ̀fẹ́ ní iléèwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, èrò ya lù ú, títí kan àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká.

Ìjà lórí ẹni tó tọ́ kó kunni lóorun ti pẹ́, kì í ṣe Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó fi éétà kunni lóorun ní gbangba ní Boston, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, oníṣègùn eyín ni: William Morton. Lẹ́yìn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ka ìkunnilóorun sí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mú ìgò éétà dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ á máa wà níbi tí wọ́n ti ń gé, aláìsàn á sì máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí ló mú kí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa wá ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára aláìsàn, wọ́n sì rí nọ́ọ̀sì. Láti 1877 ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan, Sister Mary Bernard, ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Erie, ní Pennsylvania.

Alice Magaw ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ní Rochester, Minnesota, ó bá àwọn oníṣẹ́ abẹ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Mayo ṣiṣẹ́. Éétà ni ó máa ń kán sórí aṣọ tí wọ́n fi bo imú aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, tí á sì máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ní 1906 ó tẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jáde: ó lé ní 14,000 aláìsàn, kò sì sí ẹnì kan tó kú nítorí oògùn oorun. Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe pé ó mọṣẹ́ nìkan ni. Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn Jẹ́nẹ́rà wa lónìí, àkọsílẹ̀ mélòó ló wà tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti obìnrin yìí?

Nígbà tí owó wọ inú iṣẹ́ náà, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Kentucky, lọ́dún 1917, ilé ẹjọ́ sọ pé nọ́ọ̀sì tó ń kunni lóorun lábẹ́ àṣẹ oníṣẹ́ abẹ kò gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ní 1936, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California sọ ohun tó jọ ọ́ nínú ẹjọ́ nọ́ọ̀sì Dagmar Nelson. Láàárín ẹjọ́ méjèèjì, ní 1931, Agatha Hodgins kó àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun Amẹ́ríkà jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tó di 2001, ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè yọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin tó ní dókítà gbọ́dọ̀ bójú tó nọ́ọ̀sì yìí kí iléèwòsàn tó gba owó Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ náà. Iowa ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà akunnilóorun wọn kò fara mọ́ ọn títí dòní. Wọ́n ń bá ara wọn fà á, ṣùgbọ́n orí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á.

Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì akunnilóorun wà, ó sì kàwé dé mástà, ṣùgbọ́n òfin ní dókítà akunnilóorun gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó lè yọjú nígbàkígbà. Bìrìtìkó ní tirẹ̀ kò ní nọ́ọ̀sì akunnilóorun rárá. Dókítà ló ń ṣe é, pẹ̀lú àwọn igbákejì kan tí wọ́n ń pè ní Anaesthesia Associates, tí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, GMC, bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Èyíkéyìí nínú wọn ló sàn ju ohun tí à ń ṣe lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí ọ̀ràn kàn yóò rí i kà.

Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà akunnilóorun ní ẹjọ́ rere tiwọn, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tó ní àìsàn fọ̀níkúfọ̀ladìde, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ti fẹ́ẹ́ mú wárápá dé sí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kì í ṣe ẹni tí à ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn látìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì náà sì béèrè pé dókítà wo ni wọ́n ní kí àwọn dúró dè ní aago méjì òru, ní ìlú tí dókítà kan ṣoṣo wà, tí òun náà ló fẹ́ di abẹ mú? Òótọ́ ni èyí náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lórí ìwé, dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń bójú tó nọ́ọ̀sì akunnilóorun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ni kò kọ́ṣẹ́ oorun kíkùn, àwọn gan-an ló sì ń gbára lé nọ́ọ̀sì náà. Àbójútó ẹnu lásán ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí sí rere, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, dókítà ṣe bẹbẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, "nọ́ọ̀sì ló fún un lábẹ́rẹ́ jù."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìjọba wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú nǹkan báyìí. Ní 2014, wọ́n kọ ìlànà lórí pínpín iṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera; nítorí ìlànà yẹn ni òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko fi lè fi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí abẹ́ awọ apá obìnrin, ohun tó jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan tẹ́lẹ̀. Ohun tó tún wá pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni ètò orílẹ̀-èdè lórí iṣẹ́ abẹ, 2019 sí 2023. Àwọn orílẹ̀-èdè bí Zambia àti Tanzania kọ tiwọn lórí iṣẹ́ abẹ, ìbímọ àti ìkunnilóorun. Nàìjíríà fi nọ́ọ̀sì kún orúkọ tirẹ̀. Wọ́n fún nọ́ọ̀sì láyè nínú orúkọ ìwé, ọdún márùn-ún tí ètò náà dá fún ara rẹ̀ sì ti kọjá. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ìjọba tẹ ìlànà iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Ìlànà tí wọ́n ti fọwọ́ sí láti 2016 ni o.

Irinṣẹ́ wá ńkọ́? Oògùn kan wà tí akunnilóorun nílò bó bá fẹ́ ti rọ́bà sí ọ̀fun ẹni tí kò lè mí, suxamethonium. Inú fìríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 nínú òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá ń mú un, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Ẹ wá ronú iye wákàtí tí iná fi ń lọ ní ìlú kékeré, àti iye jẹnẹrétọ̀ iléèwòsàn tó ní epo lóru. Nọ́ọ̀sì tó fa oògùn yẹn sínú síríńjì kò lè fojú mọ̀ bóyá ó ṣì lágbára. Ketamine ló máa ń kó ọ̀pọ̀ wọn yọ: ó ń mú oorun wá láìsí ẹ̀rọ, aláìsàn a máa mí fúnra rẹ̀, ìfúnpá kì í sábà já, àfi pé ẹni tó bá jí nínú rẹ̀ lè máa rí àlá tó bani lẹ́rù. Oògùn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó bá gbogbo aláìsàn mu ni wọ́n ṣe ń lò ó fún gbogbo aláìsàn.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń sọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn mọ́. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ìgbà tí ètè aláìsàn bá ṣú ni wọ́n tó ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò dé ara rẹ̀ mọ́. Ní àkókò yẹn ó ti ń pẹ́ jù, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú. WHO àti WFSA ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lójú oorun oògùn láìní in níka. Láti 2011 ni ẹgbẹ́ aláàánú kan, Lifebox, ti ń pín in fún àwọn tíátà tí kò ní. Nígbà àrùn Kòrónà, àwọn tó rí owó ra á sílé. Tíátà tí kò bá ní in, kò yẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ń lọ. Ó bani nínú jẹ́ ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kì í bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nọ́ọ̀sì akunnilóorun tó bá gba ìwé ìrìnnà sí Bìrìtìkó yóò di nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, torí pé irú iṣẹ́ tó ń ṣe nílé kò sí lọ́hùn-ún fún nọ́ọ̀sì. Ní Amẹ́ríkà, bó bá fẹ́ padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, kó wá kàwé gba oyè dókítọ̀, nítorí láti 2022 oyè yẹn ni gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ń kà fún. Nàìjíríà pàdánù, Bìrìtìkó kò sì jèrè rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó fún un ní ìwé tí àwọn òkè òkun ń béèrè, ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò fún wọn ní ìdí láti jókòó. Ẹni tí wọ́n ń pè lóru ní gbogbo ọjọ́ torí pé òun nìkan ló wà, tí owó ìpè òru rẹ̀ ń pẹ́, tó mọ̀ pé bí aláìsàn bá kú, orúkọ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dá, kò nílò ẹni tí yóò tàn án kó tó lọ.

Ní tiwa, a ò gbà pé kí nọ́ọ̀sì rọ́pò dókítà, a ò sì gbà pé kí wọ́n dá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dúró títí dókítà yóò fi tó. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé aboyún tí ara rẹ̀ le, tí kò ní àìsàn mìíràn, nọ́ọ̀sì akunnilóorun lè fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan láìpe dókítà, kí ìpè náà sì ní ẹni tí yóò dáhùn: nọ́ńbà kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí dókítà akunnilóorun iléèwòsàn ńlá yóò máa dáhùn tọ̀sán-tòru, tí ìjọba ìpínlẹ̀ yóò sì máa san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn náà lọ síbòmíràn, kí nọ́ọ̀sì bá a lọ nínú ọkọ̀. Kí iléèwòsàn kọ̀ọ̀kan máa kọ iye àwọn tí wọ́n kùn lóorun lóṣooṣù àti iye àwọn tí kò jí, kí àwọn tó mọṣẹ́ jókòó lé e lórí láti mọ ìdí rẹ̀, kì í ṣe láti wá ẹni tí wọn yóò rán lọ sẹ́wọ̀n. Ó yẹ kí àwọn dókítà akunnilóorun fúnra wọn máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yìí lẹ́kọ̀ọ́ àsọtúnsọ lọ́dọọdún. Ẹni tó ní iṣẹ́ kò dára tó, tí kò sì fẹ́ kọ́ ẹni tó ń ṣe é, ipò nìkan ló ń jà fún.

Àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìlera gbogbo ìpínlẹ̀ àti mínísítà máa ń pàdé lọ́dọọdún níbi ìpàdé National Council on Health. A rọ àwọn kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù pé kí oníkálukú wọn gbé ìwé kan lọ síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí wọ́n kọ iye tíátà ìjọba tó wà ní ìpínlẹ̀ wọn sínú rẹ̀, iye tó ní fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀rọ ìka, iye tó ní akunnilóorun tó kọ́ṣẹ́ ní aago méjì òru, àti orúkọ oyè ẹni náà. Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti rí ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà, kó tó sọ fún wa iye aboyún tí yóò gba iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.